Kọ̀ǹpútà olówó ńlá àbí olówó pọ́ọ́kú: èwo ni kì í háńgì? Àríyànjiyàn dé Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Òwe yìí ni olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ọ̀sẹ̀. A kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tíì parí láàárín wọn. Wọ́n ti dá owó jọ láti ra kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́ wọn, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò JAMB gan-an ni ọmọ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan máòsì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Owó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò kò lórí irú èyí tí wọn yóò rà. Àwọn kan ní tí kò bá ti jẹ́ Intel, àwọn kò ní í dá sí i, nítorí òun ni kì í háńgì. Àwọn yòókù ní kí wọ́n ra AMD, pé owó tí yóò ra Intel mẹ́wàá yóò ra AMD méjìlá, àti pé ọmọ méjì tó bá rí ẹ̀rọ jókòó sí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ti Intel ni olùkọ́ àgbà wa ń ṣe. Ọmọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà tó sì ń tún un ṣe ní Ọ̀wọ̀, tí òun náà kàwé jáde níbẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Tíṣà. Ohun tí ẹ ń sọ yẹn rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyẹn, nítorí pé kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó kàn. Ó kan àwọn tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Polytechnic àti Achievers University ní Ọ̀wọ̀, ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ, ó sì kan òbí tó ń ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yé, Intel àti AMD kì í ṣe orúkọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ tí ẹ ń rí lára àpótí ẹ̀rọ, bíi HP, Dell tàbí Lenovo, orúkọ ẹni tó tò ó pọ̀ ni. Intel àti AMD ló ń ṣe ọpọlọ rẹ̀, nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju bísíkíìtì lọ, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní prósẹ́sọ̀. Gbogbo ìṣirò àti gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹ lè rí ilé gàrí méjì tí ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ wọn jọra, kí ọ̀kan máa lo ẹ́ńjìnnì Lister tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí èkejì máa lo èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà. Àríyànjiyàn tí àwọn baba wa ti ń ṣe lórí ẹ́ńjìnnì láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà ló gun orí kọ̀ǹpútà yìí.

Ọdún 1968 ni Robert Noyce àti Gordon Moore dá Intel sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 1969, Jerry Sanders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá AMD sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà. Nígbà tí IBM bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀, kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni òun yóò ti máa ra ọpọlọ, nítorí náà ni Intel àti AMD fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1982 pé AMD lè máa ṣe irú èyí tí Intel ń ṣe. Bí AMD ṣe di àbúrò tó ń ta ọjà ẹ̀gbọ́n ní owó tó dínkù nìyẹn. Nígbà tó yá, àdéhùn dà rú, wọ́n gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́, AMD sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Níbo wá ni AMD ti rí orúkọ pé kì í dúró ṣinṣin? Ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà ní ìdí. Ní nǹkan bí ọdún 1999 sí 2001, AMD gbé Athlon jáde, ó yára, kò sì wọ́n tó Pentium. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í dá ṣiṣẹ́, orí mọ́dábọ́ọ̀dù ni wọ́n ń gbé e sí. Àwọn tó ń wá kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú kì í fẹ́ná owó lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, wọn kì í sì í náwó lórí páwà páàkì tó ń fún ẹ̀rọ ní iná. Ní 2001, wọ́n rí àléébù kan nínú ẹ̀yà kan tí ilé iṣẹ́ VIA ṣe, èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù AMD ìgbà náà. Ó ń ba fáìlì àwọn ènìyàn jẹ́. Ọ̀rọ̀ ooru tún wà níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn oníròyìn kọ̀ǹpútà kan ní Jámánì yọ irin tí ń gba ooru kúrò lórí Pentium 4 àti lórí Athlon nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ti Intel rọra dẹ ìrìn rẹ̀, kò kú. Ti AMD jó, èéfín sì yọ. Ẹnikẹ́ni tó bá rí fídíò yẹn kò ní í gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó wá láti ìlú tí fẹ́ẹ̀nù máa ń kú nígbàkígbà tí iná bá lọ ní ìdí láti sá fún un.

Kò yẹ kí a gbàgbé pé ohun mìíràn tún ń mú kí AMD ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Àwọn aláṣẹ ìdíje ní ilẹ̀ Yúróòpù fẹ̀sùn kan Intel ní 2009 pé ó ń dín owó kù fún àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà lo ti AMD, wọ́n sì bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù kan Yúrò lé e. Ilé ẹjọ́ padà wọ́gi lé ìtanràn náà ní 2022. Ṣùgbọ́n Intel fúnra rẹ̀ ti san bílíọ̀nù 1.25 dọ́là fún AMD ní oṣù kọkànlá ọdún 2009 láti parí ẹjọ́ tó wà láàárín wọn. Nítorí náà, bí Intel ṣe pọ̀ ní sọ́ọ̀bù wa kì í ṣe ẹ̀rí pé òun nìkan ló dára.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà. Ní 1994, Thomas Nicely, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Lynchburg College ní Virginia, ṣàkíyèsí pé Pentium òun ń ṣi ìpín ṣe. Àṣìṣe náà kò pọ̀, kò sì wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nítorí ìṣirò ni. Intel kọ́kọ́ ní ẹni tó bá lè fi hàn pé ó pa òun lára nìkan ni àwọn yóò pààrọ̀ fún. Àwọn ènìyàn fárígá. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Intel gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ohun tó sì ná an jẹ́ mílíọ̀nù 475 dọ́là. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2000, nígbà tó ń bá AMD sáré, ó tún gbé Pentium III kan jáde tó yára jù lọ nínú tirẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì lọ́jà tó fi kó gbogbo rẹ̀ padà, nítorí pé kò lè ṣe iṣẹ́ tó gbóná kó má kú sójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ọpọlọ tó wọ́n jù nínú àtẹ Intel lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Èyí tó wá da ọ̀rọ̀ rú pátápátá ni ti ọdún 2024. Intel gbé ìran kẹtàlá Core jáde ní ìparí ọdún 2022, ó sì gbé ìran kẹrìnlá jáde ní ìparí 2023. Èyí tó wà lókè pátápátá nínú wọn, Core i9, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 dọ́là, ọpọlọ nìkan o, láìka àpótí àti ojú ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí àròyé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta géèmù orí kọ̀ǹpútà àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lò ó pé ẹ̀rọ ń kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru àwọn tó ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù. Oṣù keje ọdún 2024 ni Intel tó jẹ́wọ́ pé àṣẹ kan tí òun fúnra òun kọ sínú ọpọlọ náà ló ń béèrè iná tó ju ohun tó yẹ lọ, tí iná àpọ̀jù yẹn sì ń jẹ ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí ẹ́ńjìnnì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ohun tó ń ṣàkóso eré rẹ̀ bá bàjẹ́, inú àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ yóò kọ́kọ́ dùn pé iṣẹ́ ń yá lónìí, títí di ọjọ́ tí irin inú rẹ̀ yóò fi já. Oṣù kẹjọ ni àtúnṣe jáde. Ìjẹrà ni àtúnṣe náà ń dá dúró. Èyí tó ti jẹ kò lè sàn mọ́, pípààrọ̀ ló kù. Intel wá fi ọdún méjì kún wáráńtì, ó di ọdún márùn-ún dípò mẹ́ta. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò kan ti alágbèéká.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń gbè sẹ́yìn AMD. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, díẹ̀ nínú Ryzen 7000 tirẹ̀, àwọn tó gbówó lórí náà, jó mọ́ orí mọ́dábọ́ọ̀dù nítorí pé wọ́n ń gba iná jù, wọ́n sì ní láti gbé àtúnṣe jáde kíákíá láti fi ìwọ̀n sí i. Láti ìgbà tí Ryzen ti jáde ní 2017, AMD kì í ṣe àbúrò olówó pọ́ọ́kú mọ́. Ó ní èyí tó wọ́n ju ti Intel lọ. Intel tí gbogbo ayé ń sá tọ̀ pàdánù ohun tó lé ní bílíọ̀nù méjìdínlógún dọ́là ní ọdún 2024 nìkan, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ra nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti pààrọ̀ ìjókòó díẹ̀.

Ohun tí a rí dì mú nínú ìtàn yìí ni pé bí ọpọlọ kan bá wọ́n, kò sọ ọ́ di ẹni tí kì í ṣubú. Èyí tí wọ́n ń sáré lé lórí jù lọ ló máa ń kọsẹ̀. Àwọn tó wà ní àárín àtẹ, tí kò wọ́n tí kò sì yára jù, yálà Intel ni o tàbí AMD, wọn kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Àárín àtẹ yẹn gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ girama nílò.

Kí ló wá ń mú kí kọ̀ǹpútà máa háńgì ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní? Èmi tí mò ń kọ èyí mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé mo ti sanwó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kan tí ọpọlọ Intel wà nínú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Oníṣẹ́ kan ní fáírọ́ọ̀sì ni, mo sanwó. Òmíràn ní Windows ni kí àwọn tún gbé sí i, mo sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kẹta ló tú u wò. Eruku ọyẹ́ àti ìyẹ́ aáyán ti dí fẹ́ẹ̀nù rẹ̀ pa, ọ̀rá tí wọ́n ń fi sáàárín ọpọlọ àti irin tí ń gba ooru sì ti gbẹ bí eèpá. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rá tuntun ló wò ó sàn. Bí mo bá ti ní kí n sọ̀rọ̀ kó tó tú u ni, ǹ bá ti sọ káàkiri pé Intel kò dára.

Iná ni ẹlẹ́ẹ̀kejì, òun ló tilẹ̀ burú jù. BEDC ló ń pín iná fún wa, ẹ̀yin náà sì mọ bí ó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ìgbà tó bá lọ kọ́ ló ń pa ẹ̀rọ jù, ìgbà tó bá dé ni. Ó lè wọlé tagbáratagbára, ó sì lè wọlé bíi iná àtùpà tí epo ti tán. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń tàn dípò rẹ̀ kì í fúnni ní iná tó dúró sójú kan. Bí ẹnì kan bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ nínú yàrá kejì, ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣẹ́. Páwà páàkì ló ń jẹ gbogbo ìyà yìí, bó bá sì ti ń kú lọ, kọ̀ǹpútà yóò máa háńgì, olówó rẹ̀ yóò sì máa bú ọpọlọ tí kò ṣẹ̀. Ẹ̀rọ olówó gegere tí wọ́n ki bọ ihò iná ògiri tààrà yóò kú ṣáájú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ní UPS àti sítábíláísà.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í ṣe ara ẹ̀rọ rárá. Ìdánwò UTME ọdún 2025 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn òbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà sunkún níwájú àwọn oníròyìn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, nígbà tó ń tọrọ àforíjì pé 157 nínú àwọn ibùdó ìdánwò ní àléébù, àti pé ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìlà Oòrùn Gúúsù ni yóò tún ìdánwò ṣe. Ohun tó fà á ni pé wọn kò gbé àtúnṣe sọ́fítíwià tó yẹ sórí àwọn sáfà tó ń sin àwọn ibùdó wọ̀nyẹn. Ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ tí kò ṣẹ̀ ló jẹ̀bi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sọ́fítíwià yìí ló gbé wa dé ibi tí olówó pọ́ọ́kú ti ń gbẹ̀san gan-an, ìyẹn ti tòkunbọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 460 náírà tó sì kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí, ẹ̀rọ tuntun ti ga ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà ló kù. Kò sí ohun tó burú nínú tòkunbọ̀, bí ó bá ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2005 ni àjọ Basel Action Network ti kéde pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ẹrù bẹ́ẹ̀ ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé èyí tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lè jẹ́ pàǹtírí.

Lónìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ti kún un. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 tó ń ṣe fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ dúró. Windows 11 sì rèé, kì í gba ọpọlọ àtijọ́: ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, ti AMD, Ryzen 2000 sókè ni. Àwọn oníṣẹ́ wa mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbé e sórí èyí tó ti gbó, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé òun yóò máa tún un ṣe. Ẹ lè fi ojú ara yín mọ ìran ọpọlọ. Bí wọ́n bá kọ i5-4570, nọ́ḿbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlà, ìyẹn 4, ni ìran rẹ̀. i5-8500, ìran kẹjọ nìyẹn. Bí nọ́ḿbà náà bá jẹ́ márùn-ún bíi i5-10400, méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà, ìran kẹwàá ni. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní owó tó ń yá ènìyàn lára kò kọjá ìran kẹrin. Intel ni, kò sì lè háńgì lónìí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ti dí níwájú rẹ̀. Ryzen tí Bàbá Tíṣà ń sá fún lè kéré sí i ní ọjọ́ orí pẹ̀lú ọdún márùn-ún.

Ohun kan ṣì wà tí àwa kò fi bẹ́ẹ̀ ń kà sí. Nígbà tí ọpọlọ Intel ṣì ìṣirò ní 1994, nígbà tó sì jẹrà ní 2024, ta ló ru ẹrù rẹ̀? Ẹni tó ṣe é ni. Àwọn oníbàárà bínú, wọ́n pariwo, wọ́n sì gba tuntun. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ní Ọ̀wọ̀ kò ní ibi tí yóò gbé irú ariwo yẹn lọ. Ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ni wáráńtì rẹ̀ ti parí. Èyí tí ẹni tó tà á ń fúnni kì í sábà kọjá ẹnu, "ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó máa lọ." Bí ó bá kú ní oṣù kejì pẹ̀lú àkọsílẹ̀ owó ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ nínú rẹ̀, ẹni tó rà á ló ni òfò. Èyí ni èmi ń pè ní iye owó ẹ̀rọ: ohun tí a san lójú ọjà, àti ohun tí a óò san lọ́jọ́ tó bá ṣubú.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọmọkùnrin yẹn jàre lórí AMD, ṣùgbọ́n tí Bàbá Tíṣà jàre lórí òwe rẹ̀. Owó ló ń pa ọbẹ̀ tó dùn lóòótọ́. Ibi tí wọ́n fẹ́ ná an sí ni kò tọ́. Bí mo bá wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, n kò ní í ra méjìlá tí owó lè rà, n kò sì ní í san owó orúkọ. Màá ra mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, èyíkéyìí nínú méjèèjì tó bá tó Windows 11, lọ́wọ́ ẹni tó bá lè kọ wáráńtì oṣù mẹ́fà sórí ìwé, kí ó sì fọwọ́ sí i. Owó tó bá kù màá fi ra bátìrì, ínfátà àti sólà tí yóò gbé gbogbo rẹ̀, kí n sì yan ẹnì kan tí yóò máa gbá eruku inú wọn lẹ́yìn ọyẹ́. Àwọn kan yóò ní ọmọ méjì ti pàdánù ìjókòó. Òótọ́ ni. Bí iná bá ba méjìlá jẹ́ kí ọdún tó yípo, àwọn méjìlá ló pàdánù.

Nígbà tí a ń kọ ìròyìn yìí, ẹgbẹ́ náà ti yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ wo ọjà ní Àkúrẹ́. Ọmọkùnrin oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà nínú wọn. Bàbá Tíṣà náà ní òun yóò bá wọn lọ, òun yóò sì mú awò ojú òun dání, kí ó lè jẹ́ pé òun fúnra òun ni yóò ka nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn ìlà.